Ojú Mẹ́fà Tó Ń Ṣọ́ Ìyá Ọládipọ̀

Fọlákẹ́ Lágúnjú kò kórìíra ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó gbọ́ bó ṣe ń ṣépè fún kọ̀mpútà ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀, láìpẹ́ yìí lè rò pé ará ayé àtijọ́ ni. Ẹ̀rọ ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀: ọ̀kan fún ìránṣọ, ọ̀kan tó ń ṣẹ́tí aṣọ, àti ẹ̀kẹta tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń rán kóòtù funfun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, tó sì ń rán gáùn fún àwọn tó fẹ́ gboyè ní yunifásítì. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó sanra nílùú yẹn tí Fọlákẹ́ kò mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Tìmílẹ́hìn ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òun náà sì ti kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀ kó lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀.

Ìyá Ọládipọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ọládipọ̀ ni àkọ́bí, ọmọ méjì péré ni ìyá bí, ó sì ti tó ọdún méjìdínlógún tí Ọládipọ̀ ti wà ní Kánádà. Bí ayé ṣe rí nìyẹn: ẹni tó jìnnà ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ pe ìyá, ẹni tó wà nítòsí ló ń da póò nù. Fọlákẹ́ kì í bínú sí i. Àbí ká sọ pé kì í bínú sí i lójoojúmọ́.

Ogójì ọdún ni Màmá fi ta ìkòkò amọ̀ ní Ẹnuwá, láàárín ìlú. Ìpetumodù ló ti máa ń lọ kó wọn wá. Nígbà tó di ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, ìgbàgbé dé. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi ṣíbí sí. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbàgbé pé òun ti fi ọjà títà sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbàgbé ni ọ̀nà Ẹnuwá. Bó bá ti ṣe é báyìí, á wé gèlè, á gba ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn mẹ́rin tó wà lára ilé àtijọ́ náà, ó di títì. Ó sọnù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí i. Ó sọnù lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú mọ́tò tó ń lọ Ìpetumodù ni wọ́n ti bá a, tó ń bá awakọ̀ jà pé kó rọra sáré nítorí ìkòkò òun. Kò sí ìkòkò kankan nínú mọ́tò.

Ọládipọ̀ gbọ́, ó sì pè lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

“Fọlákẹ́, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn,” ó ní. “Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà, fẹ́ǹsì wà. Tí Màmá bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á wá gbé wọn.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tí kò dá ọ̀nà ilé ìwẹ̀ mọ̀ mọ́ nínú ilé tó ti gbé fún ọgọ́ta ọdún, ṣé ilé àjèjì lẹ fẹ́ gbé wọn lọ? Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò níbẹ̀, wọ́n á kú.”

“Ìyẹn sàn ju kí mọ́tò pa wọ́n lọ.”

Òótọ́ ni, Fọlákẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí i nínú jù náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Kánádà gbé páálí kan wá. Kámẹ́rà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ọládipọ̀ ní kí wọ́n gbé mẹ́rin sí ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n gbé ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìkẹfà sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí bẹ́ǹṣì Màmá wà. Fọlákẹ́ wo páálí náà títí. Ẹni tí kò fojú kan ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ojú mẹ́fà ló fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó pe oníṣẹ́ iná, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ ara ògiri.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí fóònù ni àwòrán ń bọ́ sí, ẹyọ kan ni fóònù sì lè fi hàn lẹ́ẹ̀kan. Kó tó fọwọ́ yí i láti ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, Màmá lè ti dé òpópónà. Fọlákẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ń fi ọwọ́ kan ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fi èkejì yí ojú fóònù. Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ gún un ní èékánná. Nígbà náà ló pinnu pé òun á ra kọ̀mpútà kan tó lè máa fi gbogbo fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn pa pọ̀, kí òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí òun kàn máa gbójú sókè wò ó.

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó jọ pé gbogbo ọgbọ́n tó ṣẹ́ kù nílùú ni wọ́n kó wá dà síwájú Fọlákẹ́ lóṣù yẹn. Bàbá Fákúnlé, aládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, ní bíi mọ́tò ni kọ̀mpútà ṣe rí: kó gbé e sókè, tí apá bá ro ó, kó rà á, nítorí èyí tó wúwo ló ní ẹ́ńjìnnì. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Òmíràn ní kó ra fóònù márùn-ún sí i, kó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá wọn kóòtù bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tó lè gbé fídíò mẹ́fà àfi irú kọ̀mpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù, èyí tí iná pupa àti búlúù ń tàn nínú rẹ̀. Nígbà tí Fọlákẹ́ gbọ́ iye rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà tún un sọ, bóyá òun kò gbọ́ dáadáa.

“Owó ilẹ̀ kan ní Ìpetumodù nìyẹn,” ó ní. “Ṣé ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà ni, àbí mo kàn fẹ́ máa rí ìyá mi?”

Ọládipọ̀ ní tirẹ̀ fi àwòrán kọ̀mpútà kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, dọ́là ni wọ́n fi kọ iye rẹ̀. Fọlákẹ́ pa á rẹ́.

Ó kúkú gbéra, ó lọ sí Lágere, lọ́dọ̀ Rasheed tó ń ta kọ̀mpútà tòkunbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Fọlákẹ́, kó wò ó nídìí ọjà. Obìnrin yìí kò ra nǹkan rí ní iye tí wọ́n bá pè é. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, pẹ̀lú omijé lójú ló fi ná pósí, tó ń ná an lọ títí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ní kí wọ́n kúkú gbé e lọ ní iye tó bá wù wọ́n. Kò sì sí ọjà tí kì í gba èènì lé lórí.

Rasheed bi í pé fídíò mélòó ló fẹ́ máa wò pa pọ̀.

“Mẹ́fà.”

“Mẹ́fà! Mọ́mì, ṣé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ ṣí ni?”

“Ìyá mi ni mo fẹ́ máa wò.”

Rasheed dìde. Ó gbé láptọ́ọ̀pù dúdú kan jáde, ó ṣí fídíò bọ́ọ̀lù mẹ́fà sójú rẹ̀, gbogbo wọn ń sáré, bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Inú Fọlákẹ́ dùn ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú. Rasheed ní ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà. Fọlákẹ́ ní ọgọ́rin. Rasheed pe Ọlọ́run. Fọlákẹ́ ṣe bí ẹni ń lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní ara kọ̀mpútà náà ti ha, ó ní ẹnì kan ti fi eyín kan igun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní òun àti ìyá Rasheed jọ máa ń wọ mọ́tò. Wákàtí kan gbáko. Nígbà tí wọ́n jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọgọ́fà, Rasheed mí kanlẹ̀, ó gbé kọ̀mpútà náà.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín nu eruku ara rẹ̀,” ó ní, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Nígbà tó jáde, ó fi báàgì kan àti mọ́úsù ṣe èènì fún un. Fọlákẹ́ gbé ọjà rẹ̀ lọ sílé, ó ń kọrin lórí ọ̀kadà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ fi jọ pé ó dára. Lóòótọ́, àwòrán náà máa ń dúró díẹ̀ kó tó lọ, bí ẹni tó ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ gbà pé bí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kọkànlá, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń rán gáùn tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ kejì. Ó gbójú sókè. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, adìẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rán apá kan tán, ó tún gbójú sókè. Màmá ṣì jókòó. “Màmá ti gbọ́ràn lónìí,” ni Fọlákẹ́ sọ fún ara rẹ̀, ó sì mú apá kejì.

Fóònù dún. Bọ́látitó ni, obìnrin tó ń ta ìwé àti bírò lábẹ́ agboòrùn ní Ẹnuwá.

“Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wà lọ́dọ̀ mi níbí.”

“Màmá wo?”

“Màmá yín.”

“Rárá o. Màmá mi wà nílé. Mo ń wò wọ́n báyìí.”

“Àǹtí, orí àga mi ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní kí n kó ìwé mi kúrò, pé ibẹ̀ ni àwọn ń to ìkòkò sí.”

“Bọ́látitó, ṣé o ò gbọ́ mi ni? Mo ní mo ń wò wọ́n! Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì! Ìyá ẹlòmíràn nìyẹn, wádìí ẹni tó ni wọ́n.”

“Wọ́n ní Ọládipọ̀ ni ọmọ àwọn.”

Fọlákẹ́ fi fóònù sétí, ó sún mọ́ kọ̀mpútà. Màmá nìyẹn. Bẹ́ǹṣì nìyẹn. Adìẹ nìyẹn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Fọlákẹ́ dúró kó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Adìẹ kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ka ení, èjì, ó kà á dé ogún.

“Sọ ẹsẹ̀ ẹ kalẹ̀!” ó kígbe mọ́ adìẹ. Bọ́látitó bi í láti Ẹnuwá pé ta ló ń bá wí. Fọlákẹ́ ti ju fóònù sílẹ̀, ó ti sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Adìẹ pàápàá ti lọ.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nígbà tí ọ̀kadà gbé e dé Ẹnuwá, Màmá ti ta bírò méjì, ó sì ń bínú pé Fọlákẹ́ pẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ kan, ó wọ̀ ọ́ sí ẹsẹ̀ Màmá tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n délé tó wá rántí fóònù rẹ̀, ó rí i pé Ọládipọ̀ ti pè ní ìgbà mẹ́sàn-án lórí WhatsApp, èyí tí kì í dún lórí fóònù náà. Ọládipọ̀ náà máa ń rí kámẹ́rà wọ̀nyẹn lórí fóònù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọlákẹ́ pè é padà.

“Èmi tí mo wà ní Kánádà rí wọn nígbà tí wọ́n ń jáde,” Ọládipọ̀ ní, kò tilẹ̀ pariwo. “Mo ń pè ọ́, o ò dá mi lóhùn. Ìwọ tó wà ní yàrá kejì kò rí wọn.”

“Ẹ̀rọ ló dá dúró, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Tún ẹ̀rọ ṣe kí oṣù tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kí wọ́n máa bọ̀ láti Ìbàdàn.”

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù nínú oṣù. Ìbínú tí Fọlákẹ́ bá dé ṣọ́ọ̀bù Rasheed ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ṣeé fẹnu sọ. Ó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ní kó tú u lójú òun. Rasheed tú u. Níbi tó yẹ kí mẹ́mọ́rì méjì tí kọ̀mpútà fi ń ṣèrántí wà, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, àyè ìkejì ṣófo bí àyè eyín tó yọ.

“Ta ló yọ ìkejì?”

“Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, Mọ́mì.”

“Èmi?”

“Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún tẹ́ ẹ yọ nínú owó rẹ̀, níbo lẹ rò pé ó ti jáde? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Iye tẹ́ ẹ san náà ni mo gbé fún yín, mi ò rẹ́ yín jẹ.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí. Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ná gáùn lọ́wọ́ yín tó fi wálẹ̀ pátápátá, ṣé aṣọ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n náà lẹ máa ń fi ṣe inú rẹ̀?”

Fọlákẹ́ fọwọ́ kan àyè tó ṣófo náà. Ó rántí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ná an ní ìná àìlójútì lọ́dún tó kọjá, tí òun fi aṣọ tín-ín-rín ṣe inú gáùn rẹ̀, tí òun sì fi ẹ̀rín sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìlú ló mọ bẹ́ẹ̀ lórí aṣọ, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí àga, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí ilé kíkọ́. Fọlákẹ́ kò ṣáà rò ó pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ohun tí kò lè fọwọ́ tẹ̀ wò. Ó san owó mẹ́mọ́rì náà, ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì lè rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Fídíò mẹ́ta ń lọ dáadáa báyìí, mẹ́ta tó kù ń dúró, ń lọ, ń dúró. Fọlákẹ́ ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti wò ó bóyá ohun tí òun rí ni ohun tó wà níbẹ̀. Gáùn ń pẹ́. Ó ń jágbe mọ́ oníbàárà. Ó jágbe mọ́ Màmá pàápàá lọ́jọ́ kan, nítorí pé Màmá kàn dìde láti na ẹsẹ̀, ìyẹn sì dùn ún títí di ọjọ́ kejì.

Ẹni tó wá yọ ọ́ ni Ìbùkúnọlá, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀mpútà ní yunifásítì, tó wá wọn gáùn oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ó gbé apá sókè kí Fọlákẹ́ lè wọn àyà rẹ̀, ó ń wo kọ̀mpútà.

“Mà, kí ló ń ṣe fídíò yín?”

“Má bi mí. Ẹnikẹ́ni tó bá tún gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ yẹn, màá fi abẹ́rẹ́ gún un.”

Ìbùkúnọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́tí aṣọ mẹ́fà, ṣé ọwọ́ lẹ máa ń fi ṣẹ́ ẹ?”

“Ọwọ́ kẹ̀? Ẹ̀rọ ìṣẹ́tí mi ńkọ́?”

“Ó dáa. Kámẹ́rà máa ń ká àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Kọ̀mpútà ló gbọ́dọ̀ tú u. Èyí tẹ́ ẹ rà yìí ti pẹ́ láyé, ọwọ́ ló fi ń tú u, aṣọ mẹ́fà lẹ sì dà lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀rọ tiwọn nínú, iṣẹ́ títú nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Kódà àwọn kéékèèké tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ní i. Ẹ ò nílò ti géèmù rárá.”

Fọlákẹ́ sọ téépù kalẹ̀. Láti oṣù kan tí wọ́n ti ń wàásù fún un, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yé e nìyẹn.

“Ohun mìíràn tún wà,” Ìbùkúnọlá ní, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀mpútà. “Oríṣi àwòrán méjì ni kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, ńlá àti kékeré. Ńlá lẹ ṣí ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ sì wá há a mọ́ àyè tí kò ju àpòòwé lọ. Kékeré ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ojú èèyàn dáadáa, ẹ tẹ ẹyọ kan, á di ńlá.”

“Ta ló ń fi ọ̀pá márùn-ún rán bùbá ọmọ ọwọ́?” Fọlákẹ́ ní, inú ń bí i sí ara rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́, mà.”

Ìbùkúnọlá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ Fọlákẹ́, lábẹ́ ìwọ̀n ìbàdí ara rẹ̀: kọ̀mpútà ọ́fíìsì kékeré, kó má pẹ́ ju ọdún mẹ́jọ lọ, mẹ́mọ́rì méjì, kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ àpótí ìńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwòrán má gba inú afẹ́fẹ́.

Ó di ọ̀dọ̀ Rasheed lẹ́ẹ̀kẹta. Fọlákẹ́ ka ohun tó wà nínú ìwé. Rasheed gbé nǹkan kan wá tí kò tóbi ju àpótí bàtà ọmọdé lọ, pẹ̀lú ojú kọ̀mpútà tí wọ́n á so mọ́ ọn, ó ní òun á gba láptọ́ọ̀pù náà padà, kó wá fi díẹ̀ kún un. Ó dárúkọ iye tó fẹ́ kó fi kún un. Fọlákẹ́ di ètè pọ̀. Ó wo òrùlé. Ó fi ọwọ́ di etí tábìlì mú bí ẹni tí wọ́n ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Mo gbà,” ó ní.

Rasheed wò ó. “Ṣé ara yín yá, Mọ́mì?”

“Ara mi yá. Tú u, kí n rí inú rẹ̀.”

Rasheed tú u, ó fi mẹ́mọ́rì méjèèjì hàn án, ó pa á dé níṣojú rẹ̀. Fọlákẹ́ kò béèrè èènì. Rasheed fúnra rẹ̀ ló fi wáyà gígùn kan kún un, ó jọ pé ẹ̀rù ló bà á.

Ó sì ṣiṣẹ́. Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń lọ geere, ewé ń mì, ewúrẹ́ ń kọjá. Fọlákẹ́ kò gbà á gbọ́. Ó bẹ Bàbá Fákúnlé kó rìn yí ilé ká, bàbá náà sì rìn ín bí ọ̀gá sójà. Ó bọ́ nínú àwòrán kan sínú òmíràn, ó ń juwọ́ sí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé ṣé wọ́n ń rí òun. Kí oṣù tó parí, ìgbà mẹ́ta ni Màmá wé gèlè láti jáde. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Fọlákẹ́ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí Màmá tó fọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Ọládipọ̀ pè, ó ní òun kò ní pe àwọn ará Ìbàdàn mọ́.

“Ṣebí mo sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni,” ó ní.

Fọlákẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó pa fóònù, ó pòṣé tó gùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sọnù, ilẹ̀kùn náà kò sì ṣeé tì. Fọlákẹ́ mọ̀ pé Màmá ló gbé e pamọ́. Ó dá fídíò ọjọ́ náà padà sí àárọ̀, ó jẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa sáré pa pọ̀, ó ń wá ibi tí Màmá gbà lọ. Òjìji ń gùn, òjìji ń kúrú. Nínú àwòrán kan, ìyá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, ẹni tó gbé e wá kò jókòó. Wọ́n wá kó àwo, ẹni tó kó o kò jókòó. Aago méjì kọjá. Aago mẹ́rin kọjá.

Fọlákẹ́ kò mọ̀ pé Màmá ti wọlé, ó ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ni ìyá yẹn?” Màmá bi í.

Fọlákẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ ní kó fi òun sílẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó gbé e mì. “Ìyá kan ni, Màmá.”

“Ó dá jókòó. Láti àárọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò bímọ ni?”

“Ó bímọ, Màmá. Ó bí méjì.”

“Àwọn ọmọ náà ti kú?”

“Wọn ò kú.” Fọlákẹ́ dá fídíò náà dúró. “Wọ́n ń wò ó. Àwọn méjèèjì ló ń wò ó lójoojúmọ́.”

Màmá fi ojú wá inú àwòrán náà yíká, ó ń wá àwọn ọmọ. Ó wo iwájú bẹ́ǹṣì, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Mi ò rí wọn,” ó ní. Ó fa ìró rẹ̀ dì dáadáa. “Irú ọmọ wo nìyẹn? Ṣílẹ̀kùn fún mi, jẹ́ kí n lọ bá a jókòó. Kò dáa kí àgbàlagbà máa dá wà bẹ́ẹ̀.”

Gáùn ọ̀la wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan péré ló tíì ní. Fọlákẹ́ pa iná ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n jọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.